Láti Àrokọ dé Àpilẹ̀kọ: Èdè-Ìperí àti Ìdàgbàsókè Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Kíkọ Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè Yorùbá kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìwé kọ. Ó ti ń kọ àrokọ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó mọ àrokọ oníròyìn, ó mọ àrokọ aṣàpèjúwe, ó mọ àrokọ alálàyé àti èyí tí ó jẹ́ aláríyànjiyàn, ó sì mọ bí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ àti sí ọ̀gá. Síbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ bá dá iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ padà fún un, ẹnu a máa yà á pé máàkì rẹ̀ kéré, àti pé ohun tí olùkọ́ kọ sí etí ìwé kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ: "Kò jinlẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ kí ó lè jìn.

Ohun tí àlàyé yìí dá lé ni pé ọ̀pọ̀ àléébù tí ó jọ àléébù ìrònú nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò rí àtúnṣe nítorí pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ní èdè-ìperí kan náà fún àwọn ẹ̀yà ara àpilẹ̀kọ. Bí oníṣègùn kò bá ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ibà àti fún inú rírun, "ara kò yá" ni yóò máa pe méjèèjì, oògùn kò sì ní bá àrùn mu. Irú "ara kò yá" bẹ́ẹ̀ ni "kò jinlẹ̀".

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò tó iṣẹ́ náà ṣe. Láti 1970, nígbà tí Ìdáwọ́lé Ọlọ́dún Mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ àbójútó Babs Fáfúnwá, ó ti hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ìwé kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè sọ̀rọ̀ nípa fóníìmù, àpólà, awẹ́ gbólóhùn, àrànmọ́ àti ìpàrójẹ láìya èdè mìíràn lò. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni ìwọ̀nyí. Orúkọ iṣẹ́ àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí òǹkọ̀wé ń ṣe bí ó ti ń gbé èrò kalẹ̀, tí ó ń tì í lẹ́yìn, tí ó sì ń dán an wò, kò tíì dúró lójú kan bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀.

Iṣẹ́ kan, ìkọsílẹ̀ mẹ́rin

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni yóò gba inú àlàyé yìí kọjá. Kí a gbà pé wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iṣẹ́ yìí: "Ṣe àyẹ̀wò ohùn òkè tí ó máa ń hàn láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn Yorùbá." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Bámgbóṣé ti mẹ́nu bà á nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966, Awóbùlúyì sì kọ lórí rẹ̀ ní 1975. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò sì tíì fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ohùn náà ń ṣe. Nítorí náà ó dára fún ẹni tí ó ń kọ́ bí wọ́n ti ń kọ àpilẹ̀kọ, nítorí kò sí ìdáhùn kan tí ó lè há sórí.

Ìkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Èdè Yorùbá jẹ́ èdè tí ó dùn púpọ̀. Kò sí àní-àní pé ohùn ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni ó wà: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀." Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ojú ìwé kẹrin. Irọ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun kò gbà. Àrokọ aṣàpèjúwe ni, ó sì dára ní irú tirẹ̀. Olùkọ́ girama ìbá fún un ní máàkì tí ó pọ̀. Bí olùkọ́ yunifásítì bá kọ "kò jinlẹ̀" sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ojú ìwé méjì kún un. Bí ó bá kọ "Níbo ni àbá rẹ wà?" sí i, iṣẹ́ ti yí padà.

Àbá

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ti ẹbí, ẹni tí ó bá ní ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe a máa dá àbá, àwọn yòókù a sì gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Òwe tí ó ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta, fi ìtumọ̀ mìíràn kún un: àbá lè kùnà. Ohun méjèèjì yìí, pé wọ́n ń gbé àbá síwájú ẹlòmíràn, àti pé ó lè kùnà, ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ ìwádìí mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan ń lo àbá fún èrò tí òǹkọ̀wé dì mú ní ìparí iṣẹ́, àwọn mìíràn ń lò ó fún tíọ́rì, àwọn mìíràn sì ń lò ó fún ìmọ̀ràn tí wọ́n fi ń parí àpilẹ̀kọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, kò sí èyí tí yóò ṣe yọrí. Ó sàn kí àbá wà fún èrò tí ó ń retí ìdánwò, kí kókó èrò wà fún èyí tí ó la ìdánwò kọjá tí àpilẹ̀kọ sì dúró lé lórí, kí ìmọ̀ràn máa jẹ́ ìmọ̀ràn. Ní ti tíọ́rì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá ti wọlé tán, kò sì sí àǹfààní nínú lílé e jáde.

Nínú ìkọsílẹ̀ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ náà dá àbá. Ó ní ohùn òkè yìí ń fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti kọjá, ó sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn:

(1) Ọmọ́ lọ.

"Ọmọ" parí sí ohùn àárín bí ó bá dá dúró. Nínú (1) sílébù tí ó parí rẹ̀ ti gòkè. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì ti kọjá lóòótọ́. Àbá náà dára, nítorí ó ṣeé wó. Olùkọ́ kò ní láti sọ pé kò tọ̀nà, ohun tí ó yẹ kí ó kọ sí etí ìwé ni "Kí ni yóò wó o?" Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìtumọ̀ ìbéèrè yìí yóò wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í ṣe ti ìṣẹ̀lẹ̀:

(2) Ọmọ́ ga.

Gíga tí ọmọ náà ga kò kọjá. Ó ga nísinsìnyí. Ohùn òkè sì wà níbẹ̀. Àbá àkọ́kọ́ wó. Ibi tí ó wó yìí gan-an ni ìdàgbàsókè akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ní dùn.

Àpẹẹrẹ àti ẹ̀rí

Ẹ̀rí wá láti ara rí. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ti gbé ìbéèrè kan dání láti ìpìlẹ̀: ta ni ó rí i, ibo ni ó sì dúró sí nígbà tí ó rí i? Àpẹẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ ń mú ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ yé ènìyàn; ẹ̀rí ń gbé ẹrù èrò tí wọn kò tíì gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa to àpẹẹrẹ mẹ́wàá tí ó jọ ara wọn sílẹ̀, a sì rò pé òun ti ní ẹ̀rí mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ohùn òkè yìí fi ewu náà hàn dáadáa. Kí a sọ pé orúkọ ènìyàn nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ náà lò: Adé lọ, Olú lọ, Ayọ̀délé lọ. Ohùn òkè ni ó parí gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí ohùn òkè mìíràn yóò ti hàn sí etí. Ìbá kọ ọgọ́rùn-ún irú wọn, ìbá sì parí rẹ̀ sí pé ohun tí wọ́n ní kí òun yẹ̀ wò kò sí rárá. "Ọmọ" àti "aṣọ" ni ó lè jẹ́rìí níbi yìí, "Adé" kò lè jẹ́rìí. Yíyan ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye.

Ibi yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìwé. Àkọtọ́ kì í kọ ohùn òkè olùwà sílẹ̀; "Ọmọ lọ" ni wọ́n ń kọ nínú ìwé ìròyìn àti nínú ìwé ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ gbólóhùn rẹ̀ ní ìlànà àkọtọ́ ti pa ẹ̀rí ara rẹ̀ rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé pé ìró bí wọ́n ti ń pè é ni òun kọ nínú àwọn gbólóhùn tí òun fi nọ́ńbà sí, kí ó sì padà sí àkọtọ́ nínú àlàyé. Àwọn olùkọ́ kan máa ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó kọ "Ọmọ́ lọ". Ìyẹn kò dára.

Òwe, ó ṣòro. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àrokọ tí kò bá sì ní òwe a máa dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Nígbà tí ó bá dé àpilẹ̀kọ, ó fẹ́ fi òwe ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan bá sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, ẹlòmíràn lè dá a lóhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òtítọ́ ni méjèèjì ní àyè wọn. Òwe mọ bí wọ́n ti ń parí ìjà nítorí pé ó mọ ìgbà àti ènìyàn. Kò mọ iṣẹ́ ohùn òkè. Kì í ṣe pé kí wọ́n lé òwe jáde nínú àpilẹ̀kọ. Ó lè jẹ́ ohun àyẹ̀wò, ó lè jẹ́ gbólóhùn tí ẹ̀dá-èdè ń tú palẹ̀, ó sì lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó dúró ní ipò ẹlẹ́rìí.

Àríyànjiyàn

Nínú gbogbo èdè-ìperí tí ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, àríyànjiyàn ni olórí. Kò sí ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí tí kò tíì gbọ́ ìdíje tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ. Wọ́n á pín ẹgbẹ́, wọ́n á kí alága, adájọ́ àti olùṣọ́ àkókò, ọmọ tí wọ́n sọ pé kí ó gbèjà àgbẹ̀ yóò sì gbèjà àgbẹ̀, ìbáà ṣe pé ọmọ olùkọ́ ni. Eré tí ó dára fún ẹnu ni. Ṣùgbọ́n ìhà tí ènìyàn wà ni wọ́n kọ́kọ́ pín fún un, ìdí ni ó wá ń wá lẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, ìdí ni ó ń yan ìhà.

Nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé "àríyànjiyàn rẹ kò lágbára", ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ni pé kí òun túbọ̀ le ohùn. Nínú ìkọsílẹ̀ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ní àbá tuntun: ohùn òkè yìí ni ààlà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan ń dí òun lọ́wọ́:

(3) Ọmọ kò lọ.

Olùwà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, ohùn òkè kò sí lórí "ọmọ". Kí ni ó ṣe? Ó fi (3) sílẹ̀, ó sì kọ "ó dájú ṣáká" sí ojú ìwé kejì, "kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ" sí ìkẹta. Àwíjàre ni èyí. Èdè Yorùbá ní orúkọ fún un tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ máa lò ó láìbẹ̀rù.

Fún ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, àríyànjiyàn ti rùn mọ́ ìdíje jù. Ìfìdíèròmúlẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ hàn láti inú rẹ̀: fífi ìdí èrò múlẹ̀. Bí ó ti ṣe hàn gbangba báyìí ni àwọn tí ó ṣẹ̀dá èdè-ìperí ẹ̀dá-èdè ti tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n sọ pé arọ́pò-orúkọ ni ọ̀rọ̀ tí ó rọ́pò orúkọ. Kí àríyànjiyàn wà fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín onímọ̀ méjì tí wọn kò fẹnu kò. Èyí tí òǹkọ̀wé kan ń ṣe lórí tábìlì rẹ̀ ni ìfìdíèròmúlẹ̀.

Ìwọ̀n ìdánilójú àti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn

Ó dájú, ó hàn, ó jọ, ó dà bí ẹni pé, ó ṣeé ṣe, bóyá. Àkàbà ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ sì sábà máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn tí ó ga jù. Gírámà èdè náà tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́: "ó hàn pé ohùn náà jẹ́ ààlà", ṣùgbọ́n "ó ṣeé ṣe kí ohùn náà jẹ́ ààlà". Pé ń tẹ̀ lé ohun tí ó ti dúró, kí ń tẹ̀ lé ohun tí kò tíì dúró. Ẹni tí ó gbọ́ èdè yìí láti ilé ti mọ ìyàtọ̀ náà lẹ́nu. Ohun tí ó kù ni pé kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a máa kọ "sọ pé" láti òkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kọ pé onímọ̀ kan fi hàn ti gba ohun tí onímọ̀ náà wí; ẹni tí ó kọ pé ó dábàá kò tíì gbà, kò tíì kọ̀; ẹni tí ó kọ pé ó tẹnu mọ́ ọn ń sọ pé àwọn kan ń ta kò ó. Ó ṣebí sì tún wà, tí ó fi yé gbogbo Yorùbá lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí ẹni náà rò kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pọ̀ ní èdè tí ọ̀rọ̀ kúkurú kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó mú jù fún àpilẹ̀kọ. Ẹni tí ó bá kọ pé àgbà onímọ̀ kan "ṣebí" gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tí ó pọ̀ lápò.

Àwọn kan rò pé ìtọ́kasí jẹ́ àṣà àjèjì tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà nínú lítíréṣọ̀ alohùn kò lè mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé oríkì àti ìjálá kì í sábà ní ẹnì kan tí ó ni wọ́n. Ẹsẹ Ifá ta ko èrò yìí. Nínú ìtúpalẹ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1976, Wándé Abímbọ́lá pín ẹsẹ Ifá sí apá mẹ́jọ, apá àkọ́kọ́ sì ni orúkọ babaláwo tí ó dá Ifá náà. Ẹni tí wọ́n dá a fún àti ìdí tí wọ́n fi dá a tẹ̀ lé e. Kò sí ẹsẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gbogbo ayé ni ó mọ̀". Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé orúkọ babaláwo ń fi àṣẹ fún ọ̀rọ̀, nígbà tí ọdún àti ojú ìwé inú àpilẹ̀kọ ń fún òǹkàwé ní àdírẹ́sì, kí ó lè lọ wò ó fúnra rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Olùkọ́ tí ó bá gba ọ̀nà yìí wọlé kò ní nílò láti fi ìjìyà olè dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kọ ọdún sí iwájú orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù lórí gbólóhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀, nítorí náà a máa kọ "Ìwé náà ni a kọ nípasẹ̀ Bámgbóṣé". Yorùbá kò ní kí ìwé máa di kíkọ nípasẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Bámgbóṣé ni ó kọ ìwé náà" ti tó. Ni inú gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́ yóò gbé ohunkóhun tí òǹkọ̀wé fẹ́ síwájú, yálà olùwà, àbọ̀ tàbí ibi. Ìfáárà àti ìkádìí kò yẹ kí ó gba àkókò olùkọ́ púpọ̀: nígbà tí kókó èrò bá ti dúró, àwọn méjèèjì a máa tò fúnra wọn.

Ìkọsílẹ̀ kẹrin

Nínú ìkọsílẹ̀ kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé (3) wá sí iwájú dípò kí ó fi í pamọ́. "Kò sí àní-àní" ti lọ. Kókó èrò rẹ̀ wá kúrú, ó sì ní ààlà: ó jọ pé ohùn òkè náà ń ya olùwà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn tí kò ní ìyísódì, ìdí tí kò fi hàn níwájú "kò", iṣẹ́ náà kò lè sọ. Ojú ìwé méje ni gbogbo rẹ̀, ó dín sí ti àkọ́kọ́. Òwe kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn kẹfà tí ó ní nọ́ńbà.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, ó kọ ìbéèrè kan tí wọn kò bi í. "Mo lọ" kò ní ohùn òkè kankan, "Ó lọ" sì ní i. Ǹjẹ́ "ó" inú "Ó lọ" àti ohùn òkè inú "Ọmọ́ lọ" kì í ṣe ohun kan náà? Àwọn onímọ̀ ti fi ìbéèrè yìí ta ko ara wọn kí wọ́n tó bí akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò sì tíì kà nípa rẹ̀ nígbà tí ó kọ ọ́. Olùkọ́ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ sí etí ìwé: "Láti ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."